Ìbàdí Rẹ Kò Mọ Àròsọ Sọ

Agùntáṣọọ́lò mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn àárín ìgboro, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ lọ síbi tí orí rẹ kò fẹ́. Ó yẹ kí n bi ọ́ léèrè àlàáfíà ara rẹ níbí yìí gẹ́gẹ́ bí ìyá gidi, ṣùgbọ́n n kò ní béèrè, nítorí mo ti kà á nínú ìwé rẹ, ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá, ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́, fọ́tò rẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí o fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ gbé. Àwa nílé wà dáadáa. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó ń wú ti sọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tuntun ń ṣiṣẹ́, ti àtijọ́ náà ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń kígbe ni. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, a sì ti kàn án padà.

Ọjọ́ tí ìwé rẹ dé ni wàhálà wọ ilé yìí. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé e wá fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ wa ti di òǹkọ̀wé, inú mi dùn, mo nu ọwọ́ mi sí etí aṣọ kí n tó gbà á. Nígbà tí mo yí i padà, mo rí i tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tó bá gbé ìwé yìí kò ní lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé wọ́n fi gọ́ọ̀mù kùn ún ni? Mo gbé e, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e, mo tún gbé e sílẹ̀, mo pe bàbá rẹ pé kó wá wò ó, pé irọ́ ni wọ́n pa. N kò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i ni.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni “Èmi”. Èmi wo? Ìwọ lo kọ ọ́, orúkọ rẹ ló wà níwájú, ojú rẹ ló wà lẹ́yìn, ta wá ni èmi ọ̀hún bí kì í bá ṣe ìwọ? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í, tí mò ń ka bí ọmọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn lọ́sàn-án, tó bá sì di Fúráìdè, á gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, á kan ilẹ̀kùn kan tí kò ní orúkọ, á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún lọ sí abẹ́ ilẹ̀, níbi tí iná pupa wà, tí wọ́n ti ń jó láìrí ojú ara wọn. Mo bi bàbá rẹ pé irú èèyàn wo ló ń jó nínú iná pupa, ṣé wọ́n ń fọ fọ́tò níbẹ̀ ni. Ó ní kí n máa kà á lọ.

Nínú ilé yẹn ni ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, tí kì í pariwo, tí kì í bínú, tó kàn máa ń gbé ọwọ́ lé èèyàn léjìká. Òun ló fún ọ ní kóró oògùn kékeré aláwọ̀ aró tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, tó ní ti àkọ́kọ́ kò gba owó. Ìwọ náà sì gbà á! Ṣé o kò rántí ọkùnrin olówùú tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ni, tó fún mi ní róòlù òwú kan lọ́fẹ̀ẹ́, tí n kò sì lè ra òwú lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ fún ọdún mẹ́fà, nítorí pé àwọ̀ òwú tirẹ̀ ló wà lára gbogbo aṣọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀? O wà níbẹ̀. Abẹ́ tábìlì lo jókòó sí tí ò ń ṣa bọ́tìnnì. Ẹni tó rí ìyẹn tó tún lọ gba ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í bínú, kí ni kí á ti sọ ọ́ sí?

Oògùn náà pàápàá, o kò kọ ọ́ bóyá kí a tó jẹun ni wọ́n ń lò ó tàbí lẹ́yìn oúnjẹ. Ní orí kẹrin o lo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láìmu omi sí i, ìwọ tí mo máa ń fi ṣúgà tàn ní kékeré kí o tó gbé ìdajì kóró mì, tí bàbá rẹ á ti di ẹsẹ̀ rẹ mú. Mo kọ orúkọ oògùn náà sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi, mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn wa, mo ní kó bá mi wò ó bóyá ti ibà ni tàbí ti aràn. Nọ́ọ̀sì ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé tòun. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ojú ewé kejì ìwé rẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ohunkóhun kọ nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Mo sì ti dà á kọ! Lọ́jọ́ kejì mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo tọrọ àforíjì, mo ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan péré ni, pé nítorí ìlera ọmọ mi ni, mo sì fi sítáǹbù sínú rẹ̀ kí wọ́n lè fèsì. Wọn ò tíì fèsì. Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn wa, ìwọ lo fà á.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti obìnrin olórin. Fúráìdè mẹ́rin tẹ̀léra ni mo pè ọ́. Gbogbo ìgbà ni obìnrin kan ń gbé e, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí àrán, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Lákọ̀ọ́kọ́ mo máa ń kí i, mo máa ń bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀, mo rò pé ó kàn ń bá ọ ṣọ́ fóònù ni. Àfi ìgbà tí mo dé orí karùn-ún, tí mo pàdé obìnrin tó ń kọrin nínú iná pupa, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí àrán, tó máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin náà kó má bàa gbọ́ ìpè ilé. Ojú mi là. Fúráìdè tó tẹ̀lé e, mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún un, mo ní kó dá ọmọ mi padà fún mi, mo ní ṣé òun náà kò ní ìyá ni. Kò sọ ju pé kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wo àfojúdi! Bàbá rẹ ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ilé yìí, èwo ló ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ rí?

Ohun tí n kò fẹ́ kọ ló kàn báyìí. Bí mo ṣe ń bínú sí ìwé náà tó, n kò lè fi í sílẹ̀. Mo máa ń ní ojú ewé kan péré, kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù kaná. Ojú ewé kan á di orí kan. Ìrẹsì jóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo rán àpò ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé mọ́ orúnkún rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí ojú tì í láti bi mí bóyá àrà tuntun ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún bàbá rẹ. Mo ní òwú ni mò ń wá, ìwé ni mò ń wá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà, kí n tó mọ̀, mo ti ń fi ìwé náà pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, lábẹ́ àwọn síìpù, bí ẹni tó ń fi ìgò ọtí pamọ́.

Bàbá rẹ náà kò sàn jù mí lọ. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ojú irin, tí kò ka nǹkan kan rí ju ìwé àkókò tí ọkọ̀ ń dé, òun ló ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́sàn-án kan. Mo kan ilẹ̀kùn, mo bi í bóyá inú ń run ún, ìró ojú ewé ni mo gbọ́. Nígbà tó jáde, ìwé wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, gíláàsì wà lójú rẹ̀. Mo pariwo lé e lórí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àròsọ lásán ni. Mo ní bó bá jẹ́ àròsọ lásán ni, kí ló wá ń wá nínú rẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ó ku orí kan kí ìwé náà tán. Mo rí i pé bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ilé yìí á fọ́. Ni mo bá gbé ìwé náà sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́, mo fi òwú dúdú onílọ̀ọ́po méjì rán orí ìkẹyìn pa láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rán padà lórí ìdí rẹ̀ kó má bàa tú. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ wá gba kóòtù rẹ̀, tó bá mi níbi tí mo ti ń da omijé sórí aṣọ oníbàárà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kékeré kan níwájú, pé gbogbo èèyàn inú ìwé yìí, àròsọ ni wọ́n, bí ẹnikẹ́ni bá sì jọ ẹnikẹ́ni, ó ṣèèṣì ni. Ó ní bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n lè jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga kí wọ́n pa èèyàn mẹ́wàá kó tó di ọ̀sán. Ó ní ìwé rẹ tilẹ̀ ti gba ẹ̀bùn, pé ní oṣù méjì sí i wọ́n á pè ọ́ jáde láàárín àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn. Ọkàn mi wálẹ̀. Mo jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ẹ wo ìyá àgbà tó ń bá ìwé jà. Mo tilẹ̀ pe nọ́ńbà rẹ kí n lè bẹ obìnrin yẹn, ó tún sọ ohun tó máa ń sọ.

Ọjọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé sórí fóònù. O ní, Màmá, ẹ bá mi rán kóòtù àti ṣòkòtò dúdú fún ọjọ́ ẹ̀bùn, ẹ má lo ìwọ̀n àtijọ́ o, mo ti ń ṣe eré ìdárayá, tuntun rèé. Ni o bá to àwọn nọ́ńbà yẹn sílẹ̀.

Mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi. Kò sí oníbàárà tó ní ojú ewé tó tìrẹ níbẹ̀, láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń wọ̀n ọ́ lọ́dọọdún tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ọdún tí nǹkan kan lọ sílẹ̀ àfi ọdún tí ibà dá ọ wó. Ejìká, bákan náà. Gígùn ẹsẹ̀, bákan náà. Ọrùn fi ínṣì méjì dín. Ìbàdí tó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì nígbà tí o wálé kẹ́yìn ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó di ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nígbà tí ìbàdí rẹ jẹ́ ọgbọ̀n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, mo ti wọ̀n àwọn tó ń sáré, mo ti wọ̀n àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó bá ń ṣe eré ìdárayá, àyà rẹ̀ máa ń fẹ̀ ni. Àyà tìrẹ lọ sílẹ̀.

Ni mo bá rántí orí kẹsàn-án, níbi tí ọkùnrin inú ìwé ti fi ìṣó lu ihò mẹ́ta tuntun sí ìgbànú rẹ̀. Mo rántí orí keje, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tó ń fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú kó tó lè fọwọ́ sí ìwé owó oṣù. Mo ṣí iwájú ìwé náà, ibi tí o ti fi bírò kọ ọ́ pé fún bàbá mi àti màmá mi. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé inú ọkọ̀ lo ti kọ ọ́. Ìlà yẹn ń wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún bí ojú aṣọ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ rán. Ọmọ mi, ọwọ́ lè to ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, akọ̀wé lè fi ìka tọ́ka sí ìlà kékeré tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ kò mọ àròsọ sọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Mo gbé ìwé ìwọ̀n lọ bá bàbá rẹ. Mo fi ìka sórí ọgbọ̀n yẹn. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó ní o pe òun ní ọdún tó kọjá, ní òwúrọ̀ Sátidé kan, pé ò ń sunkún, pé kóró kan wà tí o kò lè kọ̀wé láìlò ó mọ́, pé wàá fi í sílẹ̀ bí ìwé yìí bá ti parí, pé kí òun má sọ fún mi. Ó ní adùn ìtàn kọ́ lòun ń kà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní ọmọ òun lòun ń wá níbẹ̀. N kò rí ẹkún bàbá rẹ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, àfi ọjọ́ náà. Inú ẹ̀yin méjèèjì bí mi débi pé mo gé aṣọ olóṣòwò kan ní òdì, n kò sì tíì rí owó ra òmíràn dá a padà fún un.

Bí ìwé yìí bá ti parí! Ojú ewé kan péré! Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tẹ́lẹ̀ rí èmi ni mo máa ń bú àwọn ọ̀mùtí tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo máa ń ní ṣé wọ́n fi gọ́ọ̀mù kun ife yẹn ni tí wọn kò fi lè gbé e sílẹ̀. Ní báyìí tí bébà lásán ti sọ èmi arúgbó di òpùrọ́ lábẹ́ òrùlé mi, n kò lẹ́nu láti bú ọ. Mo bínú o, mo bínú gan-an, ká ní o wà nítòsí ni, rúlà onípákó yẹn ni mà bá fi lù ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo fẹ́ kí o wà láàyè.

Mo ti rán kóòtù àti ṣòkòtò náà. N kò ní fi wọ́n ránṣẹ́. Wọ́n wà lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ mi, mẹ́rìndínlógójì sì ni ṣòkòtò náà, n kò dín ínṣì kan níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ kó dúró lára rẹ, máa bọ̀ nílé, kí o jókòó tì wá títí á fi dúró, bí kò bá tíì dúró lọ́jọ́ ẹ̀bùn, kí wọ́n gbé ẹ̀bùn wọn dè ọ́. Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì, mo sọ òótọ́ fún un lọ́tẹ̀ yìí, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní dókítà wà tó ń tọ́jú irú rẹ̀, pé kí o má dá a dúró lójijì ní ìwọ nìkan, kí ara má bàa dà ọ́ láàmú. Bàbá rẹ ti lọ rí dókítà náà, ó wọ bàtà tó fi ń lọ ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́.

Wàá rí ègé téèpù kan nínú lẹ́tà yìí. Téèpù ọrùn mi ni, mo fi àlùmọ́gàjí gé e ní orí mẹ́rìndínlógójì gan-an. Yí i mọ́ ìbàdí rẹ ní Fúráìdè kí o tó wọ bàtà sẹ́sẹ̀. Ìyókù ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé mẹ́rìndínlógójì ló ti bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí n tó kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń bi mí pé kí ni mò ń kà sẹ́nu. Mo ní ọmọ mi ni mò ń yọ kúrò lára gbogbo èèyàn. Má fi owó téèpù tuntun ránṣẹ́. Ègé yẹn ni kí o mú bọ̀.

Owó mìíràn ni mo fẹ́. Gbogbo èyí tó bá wà lápò rẹ ní ọ̀sán Fúráìdè, máa fi ránṣẹ́ sí mi, owó ọkọ̀ nìkan ni kí o fi sílẹ̀. Kì í ṣe pé ebi ń pa wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti lọ sí báńkì pé kí wọ́n máa retí rẹ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ohun tí owó náà wà fún, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ mi má bàa rí i ná. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò sí. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀.

Ọlọ́run á mú ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n dúró. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn jàǹkànjàǹkàn. Ilẹ̀kùn tí kò ní orúkọ kò ní dá ọ mọ̀ mọ́. Orí rẹ á ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ délé, a ò sì ní fi ojú sunkún rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ tó mọ ìwọ̀n rẹ.

Mo gbàgbé. Bàbá rẹ ń bẹ̀ mí kí n tú orí ìkẹyìn. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn yẹn padà sókè. Mo kọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí òwú mi bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó kú. Abẹ tí a fi ń tú aṣọ wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ àwọn síìpù. Ìwọ ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ tú u lójú wa, bó bá sì jẹ́ pé kò gòkè, wàá jókòó sídìí tábìlì mi kí o tún un kọ.